Ẹ̀KỌ́: BÍ ÌWỌ̀N ỌJÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́, ÀTI BÍ A ṢE LÈ DÁ ÈYÍ TÍ Ó Ń PURỌ́ MỌ̀



Ìwọ̀n kì í pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n òun ni adájọ́ láàrin olùtà àti olùrà ní ọjà Kpata. Ẹlẹ́ja ń lò ó, alápatà ń lò ó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n lè rẹ́ ẹ jẹ. Òun náà sì lè máa rẹ́ ẹlòmíràn jẹ láìmọ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ. Ọlọ́hun Ọba sọ odidi sùúrà kan kalẹ̀, Al-Mutaffifiin (sùúrà 83), lórí àwọn tí wọ́n ń gbà á kún nígbà tí wọ́n bá ń rà, tí wọ́n sì ń dín in kù nígbà tí wọ́n bá ń tà. Nígbà tí Ó rán Ànábì Ṣuaibu sí àwọn ará Madiyana, lẹ́yìn pé kí wọ́n sin Ọlọ́hun nìkan, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni ó tẹ̀lé e. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá.

ÌWỌ̀N ALÁPÁ MÉJÌ. Irin gbọọrọ kan ni, tí a gbé àárín rẹ̀ kọ́, tí àwo kan wà ní ọ̀tún, tí òmíràn wà ní òsì. Ohun méjì ni irin yìí ń gbọ́: bí ẹrù ti wúwo tó, àti bí ó ti jìnnà sí àárín tó. Àwọn ọmọ tí ń ṣeré lórí pákó jangirọ́fà mọ èyí. Ọmọ kékeré tí ó jókòó sí ìpẹ̀kun pákó lè gbé ẹni tí ó tóbi jù ú lọ sókè, bí onítọ̀hún bá sún mọ́ àárín.

Ibẹ̀ ni jìbìtì ti ń wọlé. Ká ní apá kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 22, tí èkejì jẹ́ 20. Ojú lè má tètè rí i, nítorí pé a lè dọ́gbọ́n fi nǹkan díẹ̀ kún àwo apá kúkúrú, kí irin lè dúró déédéé nígbà tí kò sí ẹrù. Bí olùtà bá wá gbé òkúta kílò 1 sí apá kúkúrú, tí ó gbé ẹja sí apá gígùn, ìwọ̀n yóò dọ́gba nígbà tí ẹja jẹ́ bíi gíráàmù 909 péré. Ẹni tí ó bá ra kílò 50 ti pàdánù kílò 4 àti ààbọ̀.

Bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n kò le. Lẹ́yìn tí ìwọ̀n bá ti dọ́gba, ẹ pààrọ̀ wọn: ẹ gbé ọjà sí ibi tí òkúta wà, kí òkúta bọ́ sí ibi tí ọjà wà. Bí apá méjèèjì bá gùn dọ́gba, irin yóò tún dúró déédéé. Bí ó bá tẹ̀ sí ìhà kan, irọ́ wà nínú rẹ̀.

ÌWỌ̀N ONÍSÍPÍRÍǸGÌ. Ní 1678, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Hooke, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, sípíríǹgì yóò nà ní ìlọ́po méjì. Bí kílò 1 bá fà á ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1, kílò 2 yóò fà á ní 2. Irin eléyín kan wà lára sípíríǹgì. Bí ó ti ń lọ sílẹ̀, eyín rẹ̀ ń yí wíìlì kékeré kan tí òun náà ní eyín, ọwọ́ tí ó ń tọ́ka sí iye kílò sì wà lára wíìlì náà. Nítorí náà ni nínà díẹ̀ ṣe ń di yíyípo ńlá lójú wa.

Ohun mẹ́ta ni ó ń bà á jẹ́. Èkíní, kí ọwọ́ má wà lórí òdo kí a tó gbé ọjà lé e. Èkejì, kí a gbé ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ kọ́ ọ. Sípíríǹgì tí ó bá nà kọjá ààlà kò ní padà sí ipò rẹ̀ mọ́, bí rọ́bà ṣòkòtò tí ó ti gbó. Ẹ̀kẹta ni ìpẹtà àti ẹrẹ̀. Àwa tí a rí omíyalé Lọ́kọ́ja ní 2012 àti 2022 mọ ohun tí omi ń ṣe sí irin. Ìwọ̀n tí ó bá ti rì sínú omi, ẹ má lò ó láì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

BÍ A ṢE LÈ FI OMI YẸ ÌWỌ̀N WÒ. Omi lítà 1 wúwo tó kílò 1. Ẹ wọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá fi ìgò omi lítà 1 bu omi 5 sí i, kí ẹ tún un wọ̀n. Ohun tí ó fi lé gbọ́dọ̀ jẹ́ kílò 5. Ẹ má ṣe kún kẹ́ẹ̀gì lítà 5 dé ẹnu, nítorí ó máa ń gbà ju 5 lọ. Ẹ dán an wò ní 1, ní 5 àti ní 10, torí pé ìwọ̀n lè sọ òtítọ́ lórí ẹrù kékeré kí ó sì purọ́ lórí ẹrù ńlá. Báyìí náà ni a ṣe ń yẹ òkúta ìwọ̀n wò.

Mudu náà kò gbẹ́yìn. Èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀, kò lè gba iye tí ó yẹ. Ẹ bu omi sí i, kí ẹ sì fi wé mudu tí kò lábùkù.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ní 1121, ní ìlú Merv tí ó wà ní Turkmenistan òde òní, àáfà onímọ̀ kan tí ń jẹ́ al-Khazini kọ odidi ìwé kan lórí ìwọ̀n. Ó ṣàlàyé ìwọ̀n tí ó lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin wúrà gidi àti èyí tí a ti lú mọ́ irin mìíràn.

Ẹ̀yin ará wa, àlejò ni wá lẹ́bàá odò yìí, láàrin Núpé, Ìgbìrà, Ígálà àti Hausa. Bí ẹnì kan nínú wa bá gé ìwọ̀n, "Yorùbá ni wọ́n" ni wọn yóò wí, wọn kò ní dárúkọ onítọ̀hún. Àwọn àgbà sì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Òfin òṣùwọ̀n ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 1974, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun kò ní dúró de aṣojú ìjọba. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a) tilẹ̀ sọ fún ẹni tí ń wọn nǹkan pé kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì jẹ́ kí ó tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń wọ̀n ọ́n fún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-KÉWÚ. (1) Kí ni ìdí tí a fi ń pààrọ̀ ọjà àti òkúta? (2) Bí kílò 3 bá fa sípíríǹgì ní sẹ̀ǹtímítà 6, mélòó ni kílò 5 yóò fà á? (3) Ta ni Ànábì tí a rán sí Madiyana?

Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì tó wa, kí Ó sì jẹ́ kí ìwọ̀n rere wa tẹ̀ ní Ọjọ́ Àjíǹde. Aamiin. Maasalaam.