Aago Mélòó Ló Lù Nínú Orin Rẹ?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ orin, inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́bùn nítorí orin tó kọ nípa àdúgbò Shibuya ní Tokyo lóru. Orin náà dùn létí, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹsẹ kejì, aago méjì òru ti lù, ọmọbìnrin inú orin nu omijé nù, ó wọ ọkọ̀ ojú irin Yamanote, ó forí lé ilé. Ọkọ̀ wo? Ta ló ń wà á? Tọmọdé tàgbà Tokyo ló mọ̀ pé tí aago kan òru bá ti kọjá, ó di nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kí Yamanote tó tún rìn. Àwọn adájọ́ pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà tún ń yangàn pé òun kò kúrò lórí ibùsùn, pé àwòrán ojú ọ̀nà inú fóònù lòun ń wò tóun fi kọ ọ́ tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní ọgbọ́n ni.

Ẹ má rò pé torí ọkọ̀ ni mo ṣe ń jà. Orin tó sọnù ló ń dùn mí. Ọmọbìnrin tí ọkọ̀ ìkẹyìn já sílẹ̀ ní Shibuya, kí ni yóò ṣe? Takisí yóò gbé owó oúnjẹ rẹ̀ lọ. Yóò háyà yàrá karaoke títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ni, tàbí kó jókòó ti ife kọfí kan ṣoṣo, tàbí kó pe ẹni tó ti búra pé òun kò ní pè mọ́ láé. Bí ilẹ̀ bá ń là bọ̀, yóò rí àwọn kánnákánná tó ń fa ọ̀rá ìdọ̀tí ya lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Orin mẹ́ta ló wà níbẹ̀ yẹn. Ọmọ wa fò wọ́n dá, ó lọ kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ tí kò sí.

N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ mọ́ ohùn tàbí ibi tí ègbè ń bọ́ sí. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ ń fò ni mo ń wí: kí o tó kọ orin nípa ibì kan, lọ dúró síbẹ̀, ní wákàtí tí orin rẹ wà. Má lọ wo Shinjuku lọ́sàn-án kó o wá kọrin òru.

Ní 1929, nígbà tí Saijō Yaso kọ ọ̀rọ̀ "Tōkyō Kōshinkyoku" fún Satō Chiyako, ó fi ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ sí i, ó fi ọkọ̀ ojú irin Odakyū sí i. Ọdún 1927 ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ajókòó-sílé kò lè tètè mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń ro bí wọ́n ṣe máa fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sá lọ pẹ̀lú olólùfẹ́ wọn. Hattori Ryōichi tó ń ṣe ohùn orin ńkọ́? Lẹ́yìn ogun, inú ọkọ̀ ojú irin tó kún fọ́fọ́ ló ti gbọ́ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń lu ojú irin, ló bá sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ilé kọfí, ó kọ ohùn náà sílẹ̀. Ohun tí Kasagi Shizuko fi mi gbogbo Japan tìtì ní 1948 nìyẹn, "Tōkyō Bugiugi". Tàbí ẹ gba òpópónà Chūō kúrò ní Tokyo, kí ẹ máa gbọ́ "Chūō Furīwei" tí Arai Yumi kọ ní 1976: pápá ìsáré ẹṣin wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ilé iṣẹ́ bíà wà lọ́wọ́ òsì, gẹ́lẹ́ bó ṣe wí. Kódà "Yūrakuchō de Aimashō" tí Frank Nagai gbé jáde ní 1957, ìpolówó ilé ìtajà ńlá kan ni, síbẹ̀ òjò inú rẹ̀ ń pa èèyàn.

Akita, ní àríwá, ni wọ́n bí mi. Bí mo ṣe parí ilé ẹ̀kọ́ báyìí ni wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ àwọn ọmọ tó ń lọ ṣiṣẹ́, ó di ibùdókọ̀ Ueno ní Tokyo. Ẹyin góòlù ni wọ́n ń pè wá nígbà náà, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ń wá ọwọ́ lójú méjèèjì. Bí rédíò bá ti gbé "Ā Ueno-eki" ti Izawa Hachirō sáfẹ́fẹ́, láti 1964 lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n wa nínú yàrá á kọjú sí ògiri.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀rọ̀ orin lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Mo ń gbálẹ̀, mo ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin kì í kúrò lórí tábìlì wọn, òun ló wà lókè ìwé atúmọ̀ èdè. Bó o bá gbé ọ̀rọ̀ orin fún wọn, wọn kò ní kà á. "Aago mélòó?" ni wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́. Bó o bá ń wò sùn-ùn, wọ́n á na ìwé rẹ padà sí ọ.

Nígbà tí ọdún kan ń parí lọ, wọ́n rán mi lọ dúró ní Ueno níbi tí ọkọ̀ òru ti ń gbéra lọ sí àríwá. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Bàtà tuntun ló wọ̀, ó ń dán. Kó tó wọkọ̀, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó jókòó, ó bọ́ bàtà náà, ó fi ẹ̀wù nu ìsàlẹ̀ bàtà náà, ó wé e, ó wá ki ẹsẹ̀ bọ ògbólógbòó tó ti lù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abúlé ló fẹ́ ti wọ tuntun. Mo kọ ìwé kún: fèrè, èéfín, èrò, omijé, àti bàtà náà. Ọ̀gá mi fa igi gàdàgbà lé gbogbo rẹ̀ lórí, wọ́n fi bàtà sílẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ fi ìyẹn kọrin.

Ọ̀gá mi ti dolóògbé báyìí, Ueno ìgbà náà sì ti kọjá lọ. Láti 1997 ni shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá, ti ń dé Akita, kò tó ìrìn ìdajì ọjọ́ mọ́, ta ni yóò tún sunkún lórí rẹ̀? Ìbànújẹ́ ìlú ńlá ti kó lọ síbòmíràn, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ wá a rí. Dípò bẹ́ẹ̀, "Plastic Love" tí Takeuchi Mariya gbé jáde ní 1984 lẹ ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́, tí ẹ ń kó iná aláwọ̀ mèremère rẹ̀ sínú orin yín. Òru tirẹ̀ ni Takeuchi kọ. Lára yín, aṣọ àyálò ni.

Kò sì pọn dandan kó jẹ́ Tokyo. Ẹni tó wà ní Sendai tàbí Fukuoka, ọkọ̀ ìkẹyìn wà níbẹ̀, àwọn tó pàdánù rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ jáde lálẹ́ òní. Ẹ fi fóònù sílé.