Èérún-nánò Ọ́ksáìdì Mẹ́táàlì àti Sẹ́ẹ̀lì Alààyè: Ìtumọ̀ àti Àlàyé

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ fi hàn pé kì í ṣe irú nǹkan nìkan ni ó ń sọ ọ́ di ewu fún sẹ́ẹ̀lì. Bí ó ti kéré tó wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn gbọ́dọ̀ gbé èyí yọ.

Ọ́ksáìdì ni ohun tí mẹ́táàlì òun ọ́síjìn bá para pọ̀ dà. Ìpáàrà ara àdá jẹ́ irú rẹ̀ kan. A kò lo 'irin' fún gbogbo mẹ́táàlì, nítorí pé síǹkì àti títéníọ́mù kì í ṣe irin. A dábàá 'èérún-nánò' fún èérún tí kò ju nánòmítà 100 lọ. Nánòmítà 1,000,000,000 ni ó wà nínú mítà kan.

Olùkọ́ ní Ọ̀fà, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ànàmọ́, lè fi ànàmọ́ ṣe àpèjúwe. Kí ó gé ègé kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Àpapọ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 6. Bí ó bá tún un gé sí mẹ́jọ ọgbọọgba, ó di 12. Bí ó bá ṣeé gé títí gbogbo ègé fi jẹ́ nánòmítà 10 péré, ó di mítà onígun mẹ́rin 600. Ànàmọ́ kò pọ̀ sí i. Ojú tí ó lè kan nǹkan mìíràn ni ó pọ̀.

Láti ojú yìí ni ewu ti ń wá. Èérún náà lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí ó sì dá ohun tí a pè ní 'ọ́síjìn aláìfararọ' sílẹ̀, èyí tí ń ba awọ sẹ́ẹ̀lì àti DNA jẹ́. Ọ́ksáìdì síǹkì tún ń yọ́ nínú ásíìdì inú sẹ́ẹ̀lì. Ti títéníọ́mù kì í sábà yọ́. Nínú ìdánwò kan tí a tẹ̀ jáde ní 2019, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn fi méjèèjì dán eku wò, wọ́n sì rí ìpalára nínú sẹ́ẹ̀lì wọn. Ní 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ọ́ksáìdì títéníọ́mù nínú oúnjẹ, nítorí pé a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ba DNA jẹ́.

Síbẹ̀, kí atúmọ̀ má ṣe pè é ní 'májèlé'. Èyí tí a fà símú lè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí ó wà nínú ìpara sábà máa ń dúró sí òkè awọ ara tí kò lọ́gbẹ́. 'Ohun tí ó lè pa sẹ́ẹ̀lì lára' ni ó tọ́, kí a sì máa fi iye rẹ̀ àti ọ̀nà tí ó gbà wọ ara kún un.