Ìkìlọ̀ Lára Ọjà: Ẹ̀kọ́ Láti California

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìpínlẹ̀ California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ló sọ irú ọ̀rọ̀ yìí di dandan fún oníṣòwò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986 ni àwọn olùdìbò ibẹ̀ fọwọ́ sí òfin tí a mọ̀ sí Proposition 65. Òfin náà ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kìlọ̀ fún oníbàárà bí kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ tàbí tó lè ba oyún jẹ́ bá wà nínú ọjà rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ lè san ìtanràn tó tó 2,500 dọ́là lójúmọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ará ìlú lásán pàápàá lè pẹjọ́, bí ó bá ti kọ́kọ́ fi ìwé ọjọ́ 60 ránṣẹ́, tí ìjọba kò sì gba ẹjọ́ náà ṣe. Ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìtanràn yóò jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wọ̀nyí kì í dé ìdájọ́. Àdéhùn ni wọ́n fi ń parí wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ti pòtétò díndín. Bí a bá fi iná líle din pòtétò, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ akrílámáìdì a máa wà nínú rẹ̀. Ní 2005, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà pe àwọn tó ń tà á lẹ́jọ́ pé wọn kò kìlọ̀. Ní 2007, KFC gbà láti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ àwọn ilé oúnjẹ rẹ̀. Ní 2008, Frito-Lay, Heinz àti Kettle gbà láti dín kẹ́míkà náà kù láàárín ọdún 3.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Ní 2025, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan dájọ́ pé kò tọ́ láti fi agbára mú oníṣòwò kọ ìkìlọ̀ akrílámáìdì sára oúnjẹ, nítorí àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan pé èyí tó wà nínú oúnjẹ ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Bí ìkìlọ̀ bá sì pọ̀ jù, ojú a mọ́ ọn, kò sẹ́ni tí yóò kà á mọ́.

Lójú tèmi, àdéhùn 2008 ló sàn jù. Ìkìlọ̀ wúlò fún ẹni tó mọ̀wé kà. Ọjà tí wọ́n tún ṣe wúlò fún ọmọdé àti àgbà. Ẹ̀yin tó ń kọ́ òfin àti ẹ̀yin tó ń kọ́ kẹ́mísírì láàárín wa, ibí yìí ni iṣẹ́ yín ti pàdé.