Ta Ni Yóò Bá Ọ Tú U Lójú Ọ̀nà?

Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn, ọkọ mi? O kò tíì jókòó, o ti na fóònù sí mi lójú: "Àǹtí, ẹ wo rííìmù yìí." Ó dáa, mo ti wò ó. Ó rẹwà lóòótọ́. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló wà láàárín, etí méjì sì yọ jáde lára rẹ̀. Irú rẹ̀ ni Carroll Shelby fi sára ọkọ̀ Cobra tó gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1962, títí dòní ló sì ń wu àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ eré ìje. Ó ti wu ìwọ náà, o sì ti kówó sápò. Jókòó ná.

Èmi kò ní kí o má to ọkọ̀ o. Ṣebí Ifẹ̀ níbí ni Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ OAU, ti sọ Volkswagen Ìjàpá di ọkọ̀ tó ń fi oòrùn àti afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, tí gbogbo ayé sì gbọ́ ọ ní 2014? Ní Amẹ́ríkà, Bruce Meyers kọ́ ọkọ̀ Meyers Manx àkọ́kọ́ ní 1964. Nígbà tó yá, ṣáásì Ìjàpá tí wọ́n gé kúrú ni àwọn èèyàn ń gbé bọ́dì fáíbà Manx lé nílé ara wọn. Nítorí náà, ohun tí o ń fi Ìjàpá bàbá rẹ ṣe kì í ṣe wèrè. Inú mi dùn sí i gan-an, mo sì ń fi ọ́ yangàn fún àwọn ará ìsọ̀. Rííìmù yìí ni mo ń bá ọ jà lé lórí.

Họ́ọ̀bù onínọ́ọ̀tì kan irú èyí ní eyín yí ká, rííìmù náà sì ní eyín nínú. Eyín yẹn ló ń gbé agbára, nọ́ọ̀tì kàn ń dí rííìmù lọ́nà kó má sá jáde ni. Ti apá òsì ọkọ̀ ń le bí nọ́ọ̀tì gbogbo ṣe ń le. Ti apá ọ̀tún, òdì lo máa yí i sí. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá ṣi họ́ọ̀bù ọ̀tún mú fún ti òsì, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré ni nọ́ọ̀tì á máa tú. Òòlù bàbà tàbí ti igi ni wọ́n fi ń lù ú. Bí táyà bá bẹ́ lọ́nà Iléṣà lálẹ́, fọganáísà wo lo fẹ́ rí òòlù bàbà lọ́wọ́ rẹ̀? Òòlù irin ló máa gbé, etí náà á sì kán. O ń wo àwọn ọkọ̀ onínọ́ọ̀tì kan ti Formula 1 lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 2023, ní Qatar, McLaren pààrọ̀ táyà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá 1.80, ṣùgbọ́n bí ogún èèyàn ló dúró ti ọkọ̀ yẹn. Ìwọ nìkan lo máa wà lọ́nà Iléṣà.

Etí nọ́ọ̀tì yẹn gan-an, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin dè é lára ọkọ̀ tuntun láti 1968 di 1996, torí ó lè ṣe ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ léṣe. Yíjú síta kí o wo Old Garage yìí. Ọ̀kadà ń fún ara rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sáré dá títì. Irin tó ń yí lẹ́bàá ojúgun ọmọ ọlọ́mọ, ọkọ mi? Rárá o.

Ìjàpá kì í lo nọ́ọ̀tì rárá, bóòtù ló ń wọnú họ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ ka ihò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, ti àtijọ́ ni, àyíká bóòtù rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 205. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, 130 ni. Rííìmù Camry tí ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ tà fún ọ jẹ́ ihò márùn-ún, 114.3. Kò lè wọ̀ ọ́ láìfi àwo irin sáàárín, àwo yẹn á sì ti táyà síta, á máa gé féndà, á sì máa ni bíárìn lára.

Ibi tí mo fẹ́ kí o dẹ etí sí dáadáa nìyí, torí ojoojúmọ́ ni mo ń rí i níbí. Rííìmù Accord àti ti Camry, 114.3 ni àwọn méjèèjì, ìlà inú nọ́ọ̀tì wọn sì dọ́gba. Ẹni tó bá fi nọ́ọ̀tì Toyota mú rííìmù Honda, á rí i pé ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú ihò rííìmù tí Honda fúnra rẹ̀ ṣe rí roboto bíi ti bọ́ọ̀lù, nọ́ọ̀tì onímú ṣóńṣó kò sì lè jókòó síbẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan ló máa fara kàn, bíi ìdérí tí kì í ṣe ti ìkòkò náà. Á le lọ́wọ́ rẹ lónìí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì tó bá yá. Tún wo ihò àárín: ti Honda jẹ́ 64.1, họ́ọ̀bù Camry jẹ́ 60.1. Mìlímítà mẹ́rin tó ṣófo yẹn ló ń mú sítíárìn gbọ̀n, òrùka ni wọ́n fi ń dí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé "ó ti wọ̀ ọ́," bi í bóyá ó jókòó.

Tí o bá ń mú bóòtù, fọwọ́ yí gbogbo wọn ná, kí o tó máa mú wọn ní ìdojúkọra, má ṣe tẹ̀ lé ara wọn yípo. Toyota ní 103 Nm ni kí wọ́n mú ti Camry dé. Ìwọ náà wá iye tí wọ́n kọ fún tìrẹ, má fẹsẹ̀ gun sípánà. Bí o bá ti lọ sí Iléṣà tí o padà, jẹ́ kó tutù, kí o tún fi sípánà mú wọn.

Ra rííìmù tó bá họ́ọ̀bù rẹ mu. Bí ẹwà onínọ́ọ̀tì kan bá ṣì ń pè ọ́, ìdérí àárín tí kò létí wà, a máa wá èyí tó dùn ún wò. Lọ́la, bọ́ họ́ọ̀bù kan wá kí n fi irin ìwọ̀n mi wọ̀n ọ́n. Owó tó wà nínú àpò rẹ yẹn, kó o wá kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀ títí di ìgbà náà.