Àpótí Ìmọ̀: Ta Ni Yóò Sanwó Ọkọ̀ Ojú Omi?

Ìwé nìkan kò lè sọ èèyàn di onímọ̀ nípa ekurá, ẹja eléyín mímú tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ṣáàkì. Àfi kó wọkọ̀ lọ bá a lójú òkun. Owó ńlá nìyẹn: níbòmíì, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹja.

Ohun tó dun àwọn ọ̀dọ́bìnrin adúláwọ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà nìyí. Lọ́dún 2020, Jasmin Graham, Amani Webber-Schultz, Carlee Jackson àti Jaida Elcock dá ẹgbẹ́ Minorities in Shark Sciences sílẹ̀. Wọ́n ń wá owó tí yóò gbé àwọn obìnrin tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun dé ojú òkun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń mú ekurá láàyè, tí a ń wọn gígùn rẹ̀, tí a ń gé bíńtín lára lẹbẹ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, tí a ń fi àmì sí i, kí a tó tú u sílẹ̀ kíákíá. 

Àjọ Save Our Seas, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, náà ní owó ìrànwọ́ kékeré fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, láti orílẹ̀-èdè yòówù.