Kí Ẹ Tó Pe Kọ̀ǹpútà Yín Ní Pàǹtí

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa tú kọ̀ǹpútà wò, tiyín ni ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú yín pé láptọ́ọ̀pù yín ti kú. Ẹ ní Windows 11 kọ̀, kò wọ inú rẹ̀. Òótọ́ ni. Windows 11 ń béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bí CPU bá sì jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ sókè ló ń gbà, àfi díẹ̀, ọdún 2017 sì ni ìran yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan ló yọwọ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ tó wà níwájú yín.

Ìmọ̀ràn mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo máa sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kí ẹ tó náwó lé e lórí, kí ẹ sì tó jù ú nù. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ kì í já ewé kó tó mọ àìsàn.

Ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ẹ̀rí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló sọ Ṣómólú tí ẹ ń gbé yìí di olókìkí ní Nàìjíríà. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà àwọn olóṣèlú, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń wá tẹ̀ ẹ́ láti ìlú dé ìlú. Ẹ yọjú sí àwọn ilé ìtẹ̀wé ibẹ̀, ẹ ó rí Heidelberg Kord tàbí GTO tí wọ́n ṣe ní Jámánì kí wọ́n tó bí yín, tó sì ń tẹ bébà títí dòní. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n dé. Àwọn tó ń lò wọ́n mọ ìgbà tí rọ́là fẹ́ pààrọ̀, wọ́n ń fi òróró sí i lásìkò, bí ohùn rẹ̀ bá sì yí padà, etí wọn ló kọ́kọ́ ń sọ fún wọn. Kò sí oníbàárà tó ń béèrè ọjọ́ orí ẹ̀rọ bí iṣẹ́ bá jáde dáadáa. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sáàárín irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí láptọ́ọ̀pù ọlọ́dún mẹ́wàá dẹ́rù bà yín.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí ẹ ó fi kọ́wọ́, ẹ má wá èyí tó ń dán jù. Ní Computer Village, Ìkẹjà, àti láwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yín, ẹ ó rí tòkunbọ̀ tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun lò fún ọdún mélòó kan tí wọ́n sì fi tuntun pààrọ̀: Dell Latitude àti OptiPlex, HP EliteBook, àti ThinkPad tí IBM bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1992, tó bọ́ sọ́wọ́ Lenovo lọ́dún 2005. Irú wọn ni kí ẹ mú. Àwọn tó ṣe wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n á tú u lọ́jọ́ kan, wọ́n sì gbé ìwé tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń tú u sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun tó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí 4GB bá wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, 4GB náà ni títí ayé rẹ̀.

Kí owó tó kúrò lápò yín, ẹ tan án, ẹ wọ inú BIOS. Bí ó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà orí kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fláàṣì sí gbogbo ojú USB, ẹ yọ ṣájà kí ẹ wo bí bátìrì ṣe ń dúró tó. Ẹ gba rìsíìtì. Láptọ́ọ̀pù tí ẹnì kan ń tà ní ìdajì owó rẹ̀ lẹ́yìn ilé lálẹ́, ẹkún ẹlòmíràn ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe mọ ohun tó ń ṣe é. Ohun tí mo ń gbọ́ jù ni pé “ó ń falẹ̀.” Ìfalẹ̀ kì í ṣe àrùn, àmì àrùn ni. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager lè jáde, kí ẹ wo èyí tó ń sún mọ́ 100% nínú CPU, Memory àti Disk. Bó bá jẹ́ Disk, tó sì jẹ́ háàdì dísìkì oníyíyí ló wà nínú rẹ̀, ẹ ti mọ ibi tó ti ń dùn ún. Háàdì dísìkì láptọ́ọ̀pù tó ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan lè ka nǹkan bí 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí fáìlì bá tò tẹ̀léra. Bí fáìlì bá fọ́n káàkiri, á máa wá wọn kiri, ìwọ̀n yẹn á sì já wálẹ̀ pátápátá. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú. Ó ń ka nǹkan bí 500MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan lójú SATA, kì í sì í wá fáìlì kiri. Bí ẹ bá ní owó fún àtúnṣe kan ṣoṣo, òun ni kí ẹ ṣe.

Bó bá jẹ́ Memory ló kún, RAM ni ẹ ó fi kún. Ṣùgbọ́n RAM kì í ṣe oríṣi kan náà. DDR3 kì í wọ ihò DDR4, torí ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀. DDR3 ń lo 1.5V, DDR3L ń lo 1.35V, láptọ́ọ̀pù kan sì wà tó jẹ́ DDR3L nìkan ló ń gbà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Bí tuntun bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má fagbára tì í. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Bó bá jẹ́ CPU ló ń gbóná tí fáànù sì ń pariwo, ẹ kọ́kọ́ wo eruku. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku máa ń dí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí CPU bá ti gbóná jù, fúnra rẹ̀ ni yóò dẹwọ́ iṣẹ́ kí ó má bàa jóná. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, ẹ fọwọ́ kan irin tí kò ní kùn kí iná ara yín lè kúrò, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú u. Ẹ to síkúrù sórí bébà, kí ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, torí síkúrù gígùn tó bá wọ ihò kúkúrú lè gún bọ́ọ̀dù. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbá fáànù. Bí paste tó wà lórí CPU bá ti gbẹ, ẹ fi spirit nù ún kúrò, ẹ fi díẹ̀ nínú tuntun sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìhà Ìlàjẹ ní Bàrígà níbi tí ọ̀sà ti sún mọ́lé, ẹ máa wo ojú irin RAM àti ihò ṣájà dáadáa, torí ọ̀rinrin máa ń mú wọn dípẹtà. Ẹ má sì gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà òjò.

Àìsàn kan wà tó ti jẹ owó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lásán. Ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì á kọ̀ láti ṣí, wọ́n á ra dátà kún dátà, wọ́n á pààrọ̀ síìmù, wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ wo déètì tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Bó bá ti padà sí ọdún tó ti kọjá lọ tipẹ́, bátìrì kékeré tí wọ́n ń pè ní CR2032, oní 3V, ló ti kú lórí bọ́ọ̀dù. Bí déètì bá ti ṣì, kọ̀ǹpútà kò ní gba ìwé ẹ̀rí ojúewé wọ̀nyẹn gbọ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ni bátìrì náà. Ẹni tó mọ̀ yóò ná díẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò ra láptọ́ọ̀pù mìíràn.

Iná ni ọ̀tá tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù. 230V ni tiwa, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V. Lẹ́yìn power supply àwọn dẹ́sítọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, swíìṣì pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ tó ṣì wà lójú 115 bọ iná wa, ẹ ó gbọ́ ìró kan, power supply náà á sì ti lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi wáyà kàn án. Ẹ má tú power supply fúnra rẹ̀, torí kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ń fi iná pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Ẹ ra UPS fún dẹ́sítọ́ọ̀pù, kí NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ má bàa pa á lójijì níbi tó ti ń kọ fáìlì. Bí UPS kò bá dúró mọ́, bátìrì 12V inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ṣeé pààrọ̀.

Ní ti Windows 10 tó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dé, Linux wà. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ gbé Linux Mint tàbí Lubuntu sórí fláàṣì, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì náà. Ẹ ó lè dán an wò láìfọwọ́ kan fáìlì kan nínú ẹ̀rọ. LibreOffice wà fún lẹ́tà àti ìṣirò, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó sàn ju Windows tí wọ́n jí, tí ẹnì kan dà sórí fláàṣì fún yín láìmọ ohun tó fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gíráfíìsì fún àwọn atẹ̀wé, mi ò ní tàn yín: CorelDRAW tí ẹ fi ń jẹun kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ẹ lè fi Windows 10 sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì máa yẹ fláàṣì oníbàárà wò lórí ẹ̀rọ mìíràn kí ẹ tó fi sí i.

Ọ̀rọ̀ ìwà ló kù, òun ló sì wúwo jù. Lọ́dún 2005, àjọ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network wá wo bí àlòkù kọ̀ǹpútà ṣe ń wọ Èkó. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà ló ń wọlé lóṣù, àti pé ohun tí kò ṣeé tún ṣe lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Wọ́n tún ra háàdì dísìkì níbí, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó lò wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Irú rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá bá fọ́tò ẹbí ẹlòmíràn tàbí ìwé báńkì rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ẹ má kà á, ẹ má fi han ọ̀rẹ́, ẹ pa á rẹ́. Format kíákíá kì í pa á rẹ́ tán. Ẹ lo ètò tó ń kọ nǹkan mìíràn bo gbogbo dísìkì náà. Bí ẹ bá ń tún ẹ̀rọ oníbàárà ṣe, iṣẹ́ tó gbé wá nìkan ni kí ẹ ṣe nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń lu jìbìtì kò jìnnà sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Ọmọlúàbí ló ń mọ̀ ọ́n tí kì í gbà á.

Ohun tí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ tú àwọn tó dára lára rẹ̀ pamọ́: RAM, fáànù, síkúrù, ṣájà. Ẹ má sun wáyà láti wá kọ́pà, torí májèlé ni èéfín rẹ̀, ààtàn tí ẹ ti ń sun ún kò sì jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má gún un, ẹ gbé e jìnnà sí iná.

Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ tó ń ṣe ìdánwò JAMB ń jókòó sí. Ọmọ ń bẹ nínú ilé yín ní Bàrígà tó ń múra sílẹ̀ fún un báyìí tí kò tíì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí, kọ̀ǹpútà kan sì ń bẹ lábẹ́ ibùsùn ẹnì kan lójúlé kejì tí wọ́n ní ó ti kú. Ẹ lọ tọrọ rẹ̀. Ẹ wá ohun tó ń ṣe é, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yẹn máa fi dán ọwọ́ wò títí ọjọ́ ìdánwò yóò fi dé.