Ẹ Mọ Ìgbà Tí Géèmù Ń Kọsẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọ̀rọ̀ géèmù Windows tí a ń gbá lórí Linux ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà wá yóò ní géèmù òun ń kọsẹ̀: á máa lọ geerege, á dúró gbagidi, á tún máa lọ. Ọ̀pọ̀ yín á sáré lọ da àṣẹ gígùn kan kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Launch Options nínú Steam, ẹ ó wá máa retí iṣẹ́ ìyanu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìgbà tí géèmù ń kọsẹ̀ ni yóò sọ ìdí rẹ̀ fún yín, bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà FPS nìkan. Bí géèmù bá ń yọ àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mìlísẹ́kọ́ǹdì 16.7 péré ló kan àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá gba 100, ẹni tó ń gbá géèmù yóò mọ̀ ọ́n lára, síbẹ̀ FPS yóò ṣì máa kà 55, ẹ ó sì rò pé àlàáfíà ni. MangoHud ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sórí ẹ̀rọ. Ẹ kọ mangohud %command% sínú Launch Options, yóò sì fa ìlà kan tó ń fi àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan gbà hàn. Ibi tí ìlà náà bá ti ta sókè, ibẹ̀ ni géèmù ti kọsẹ̀. Ẹ jókòó gbá géèmù náà fúnra yín fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ sì kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ nígbàkigbà tí ìlà náà bá ta.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀tá tuntun yọ, tàbí tí ẹ wọ ìlú tuntun, ló kọsẹ̀, tí kò sì kọsẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ padà síbẹ̀, shader ni. Shader ni ètò kékeré tó ń sọ bí GPU yóò ṣe kun ohun kọ̀ọ̀kan. Ti DirectX ló bá géèmù wá, Linux kò sì ní DirectX. DXVK ló ń tú u sí ti Vulkan, tàbí VKD3D-Proton bó bá jẹ́ DirectX 12, lẹ́yìn náà ni driver yóò tún un tú sí èdè tí GPU gan-an gbọ́. Àwòrán á dúró de ìtumọ̀ náà, bí oníwàásù ṣe ń dúró de ògbufọ̀ tó bá ọ̀rọ̀ àjèjì pàdé. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún wáyé, ògbufọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ fi DXVK_HUD=compiler sí iwájú %command%, yóò sì máa hàn lójú géèmù nígbà tí DXVK bá ń tú shader.

Ohun tó ń wò ó sàn ni kí ìtumọ̀ náà ti parí kí eré tó gbóná. Steam máa ń wa shader tí àwọn ẹlòmíràn ti bá pàdé wálẹ̀, á sì tú wọn kí géèmù tó ṣí. Ẹ má tẹ Skip. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, ó sì ń jẹ àkókò, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sá fún níbẹ̀, inú géèmù lẹ ó ti bá a. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí driver ṣe pẹ́ tó. Láti ìgbà tí DXVK 2.0 ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ló ti lè ṣe púpọ̀ nínú ìtumọ̀ yìí nígbà tí géèmù ṣì ń kó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí driver ní graphics pipeline library. Driver Mesa àtijọ́ kò ní in. Ẹ má sì máa pa cache shader rẹ́ nígbàkigbà tí nǹkan bá dàrú, torí gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti ṣe lẹ ń dà nù yẹn.

Bó bá ń kọsẹ̀ lójú ibì kan náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ wo dísìkì. Ọ̀pọ̀ ló fi géèmù sílẹ̀ sórí apá NTFS kí Windows àti Linux lè jọ máa lò ó. Proton, tí Steam fi ń ṣí géèmù Windows lórí Linux, kò bá NTFS rẹ́. Ẹ gbé géèmù náà lọ sórí ext4 tàbí btrfs, orí SSD bó bá wà.

Bó bá dára ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ń burú sí i bí eré ṣe ń pẹ́, ẹ wo mẹ́mọ́rì. Bí VRAM bá kún, ẹrù á máa lọ sínú RAM, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn fún GPU. Ẹ dín texture kù, kí ẹ sì ti browser. Bó bá jẹ́ pé FPS ló ń lọ sílẹ̀ tó ń gòkè lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti gbóná, ẹ tẹ sensors nínú terminal kí ẹ wo ooru rẹ̀, kí ẹ gbọn eruku inú fáànù, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ sì bi olóhun bóyá lórí bátìrì ló ti ń gbá a: bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká á dín agbára rẹ̀ kù. Lórí iná, gamemoderun %command% ń jẹ́ kí CPU dúró lójú agbára rẹ̀.

Nígbà mìíràn ìlà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ojú yóò ṣì máa rí ìkọsẹ̀. FPS tó ń lọ síwá-sẹ́yìn láàárín 45 àti 50 kò bá ojú ẹ̀rọ 60 Hz mu. Ẹ dè é mọ́ iye tí ẹ̀rọ lè gbé láìmikàn: DXVK_FRAME_RATE=30 fún 60 Hz. Bí ojú ẹ̀rọ bá lè ṣe 40 Hz, bíi ti Steam Deck, tàbí 120, ẹ lo 40. Mìlísẹ́kọ́ǹdì 25 nìyẹn, àárín gbùngbùn 16.7 àti 33.3.

Ẹ má sì máa yára di ẹ̀bi ru Linux. Ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022 ni Elden Ring àti Steam Deck jọ jáde. Géèmù náà ń kọsẹ̀ lórí Windows pàápàá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ní shader ni. Àwọn ará Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni Steam, wò ó fínnífínní. Pierre-Loup Griffais, ọ̀kan nínú wọn, ṣàlàyé pé ní àwọn ibì kan, géèmù náà ń dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan bíi command buffer sílẹ̀, ìyẹn sì ń kó ìdààmú bá ohun tó ń pín mẹ́mọ́rì. Wọ́n tún un ṣe níhà ti Proton, kí mẹ́mọ́rì tí a ti pín máa wà nípamọ́ fún ìlò. Bí wọ́n bá ti gba ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ gbọ́, ìdí shader ni wọn ìbá dúró sí títí di òní.

Nítorí náà, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbá ibì kan náà nínú géèmù ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi ìlà méjèèjì wéra. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà kí ẹ tó dán òmíràn wò. Ẹni tó yí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí géèmù bá tiẹ̀ dára, kò ní mọ èyí tó tún un ṣe, ọwọ́ òfo ni yóò sì fi kọjú sí oníbàárà tó ń bọ̀ lọ́la.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ fi PROTON_LOG=1 ṣí géèmù náà, kí ẹ fi àkọsílẹ̀ tó bá jáde ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe Proton, pẹ̀lú orúkọ GPU, driver àti kernel. Philip Rebohle bẹ̀rẹ̀ DXVK nítorí pé ó fẹ́ gbá NieR: Automata lórí Linux. Ohun tí ẹnì kan wò dáadáa ni gbogbo wa ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ohun tí ẹ bá rí kún un.